Ìdí Tí Aláǹtakùn Fi Ń Jókòó Sáàárín Òwú Rẹ̀

Nígbà láéláé, aláǹtakùn kì í gbé inú òwú. Bó bá ta òwú tán báyìí, ó ti gba ọ̀nà ibòmíràn lọ nìyẹn, kì í wẹ̀yìn wò. Àwọn ẹranko yòókù ló ń ta á fún. Ó ta okùn tí ọ̀kẹ́rẹ́ fi ń sọdá láti orí igi kan sí èkejì. Ó ta ibùsùn fún ọmọ ẹyẹ tí ìyá rẹ̀ ti jáde lọ wá oúnjẹ. Ẹni tó bá rí iṣẹ́ rẹ̀ á yìn ín, ìyìn yẹn a sì máa dùn mọ́ ọn púpọ̀.

Láyé ìgbà náà, ọ̀dọ̀ Àgùntàn ni gbogbo ọmọ ẹranko ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ìyá Olùkọ́ ni wọ́n ń pè é. Abẹ́ igi ọdán ló ti ń kọ́ wọn. Àgùntàn kì í pariwo mọ́ ọmọ. Bí ọmọ ò bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bí kò bá tún gbọ́, á rìn lọ bá a níbi tó jókòó sí, á fi ẹsẹ̀ yà á sílẹ̀ fún un. Òun fúnra rẹ̀ kò bímọ. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ yìí ni ayọ̀ rẹ̀, nítorí wọn ló ṣe ń jí láàárọ̀.

Lọ́dún kan, òjò rọ̀, kò dá. Odò kún, ó bo ọ̀nà, ó sì pín ilẹ̀ àwọn ẹranko sí wẹ́wẹ́. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ wà lápá àbàtà. Àwọn adìẹ wà lórí ilẹ̀ gíga létí oko àgbàdo. Àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ wà lórí igi wọn lọ́hùn-ún. Àgùntàn nìkan ló kù sábẹ́ igi ọdán, kò sì mọ odò wẹ̀.

Ẹfọ̀n ni baálẹ̀ wọn. Òun nìkan ló ga tó ẹni tó lè fẹsẹ̀ wọ́ omi náà kọjá. Ó ránṣẹ́ pe Aláǹtakùn, ó ní àwọn ọmọ ò gbọdọ̀ jókòó lásán títí omi á fi fà. Aláǹtakùn ní ìyẹn ò le. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta ta òwú. Ó so ó mọ́ igi ọdán, ó nà án gba orí igi dé apá ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì fi ewé kan kọ́ sí ìparí rẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan. Bí Àgùntàn bá sọ̀rọ̀ sínú òwú, ohùn rẹ̀ á gba orí okùn lọ. Ewé tó wà lọ́hùn-ún á máa gbọ̀n, á máa sọ ohun tó sọ gẹ́lẹ́. Bí àwọn ọmọ bá fèsì, ohùn tiwọn náà á gba orí okùn padà wá.

Ẹnu ya gbogbo ẹranko. Wọn ò rí irú rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n okùn mẹ́jọ ló wà lábẹ́ igi ọdán. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọ pẹ́pẹ́yẹ sọ̀rọ̀ á tẹ mẹ́fà mọ́lẹ̀, á fi méjì sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọ adìẹ sọ̀rọ̀ á tẹ márùn-ún, á fa ọ̀kan sókè. Ti àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ tún yàtọ̀ sí ìyẹn. Aláǹtakùn fi han Àgùntàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń sáré lórí okùn bí ẹni ń fi ẹran jẹ̀kọ.

Àgùntàn wo ẹsẹ̀ mẹ́jọ yẹn, ó wo mẹ́rin tirẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ fi méjì dúró nínú mẹ́rin náà. Pátákò rẹ̀ tún tóbi. Bó bá gbé e lé okùn kan, á kan èkejì. Ó rọra bi Aláǹtakùn bóyá ó lè bá òun dín in kù díẹ̀.

Aláǹtakùn rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ ti máa ń bẹ̀rù nǹkan tuntun jù. Ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ yín á mọ́ ọn." Ó ní wọ́n ń retí òun níbòmíràn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ojú ti Àgùntàn, kò bi ẹnikẹ́ni mọ́. Láràárọ̀ ló máa ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹsẹ̀ òun gba iṣẹ́ yìí. Ó ń fi àgbọ̀n tẹ okùn kan, ó ń fi eyín di òmíràn mú, ó ń gba àárín eyín sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ á ní àwọn ò gbọ́, á tún un sọ. Bó bá fi máa di ọ̀sán, okùn á ti bó o lára. Àwọn tó ń wẹ odò kọjá ń kí i pé ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Olùkọ́, wọ́n sì ń lọ. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìdí tí olùkọ́ fi ká kò bí ẹni tí inú ń run.

Ní ọjọ́ kan, àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ló fẹ́ kọ́. Ẹ̀kọ́ omi jíjìn ni. Ó ti to ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí okùn pẹ̀lú ìnira, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ya ẹnu ni, ni Ẹfọ̀n bá ń kọjá lọ nínú omi.

"Ìyá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o."

Àgùntàn jẹ́ ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé. Baálẹ̀ kì í kíni kéèyàn dúró gbọnrangandan máa wò ó. Ó fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó dáhùn, ó sì dìde. Ó tún ẹsẹ̀ gbé síbi tó rò pé ó wà tẹ́lẹ̀. Kò mọ̀ pé ó ti yẹ̀. Ewé tó wà lọ́dọ̀ àwọn pẹ́pẹ́yẹ dákẹ́. Ewé tó wà lọ́dọ̀ àwọn adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wo omi tó wà níwájú yín yẹn. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ bọ́ sí i, ara yín á léfòó."

Wọ́n dáhùn pé ó dáa, Ìyá Olùkọ́. Ohùn ọmọdé sì jọ ara wọn.

Ọmọ mẹ́sàn-án ni Adìẹ ní. Ìyá wọn ń tan ilẹ̀ lẹ́yìn oko lọ́hùn-ún, kò gbọ́ ohun tí ewé sọ. Àwọn ọmọ náà tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n bọ́ sínú omi. Olùkọ́ wọn ló ní kí wọ́n bọ́ sí i, olùkọ́ wọn kò sì tàn wọ́n jẹ rí.

Àgùntàn ń retí ẹ̀rín lórí okùn. Ohun tó gbọ́ kì í ṣe ẹ̀rín. Ó gbọ́ ìró apá tó ń lu omi. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn kékeré kan tó ń sọ pé omi ń wọ òun lẹ́nu.

Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ kì í sọ bẹ́ẹ̀. Àgùntàn ké débi pé Pẹ́pẹ́yẹ gbọ́ ọ láti àbàtà, tí òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ fi sáré wẹ odò lọ bá àwọn ọmọ adìẹ. Wọ́n ń fi ẹnu gbé àwọn ọmọ náà jáde níkọ̀ọ̀kan. Mẹ́jọ ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Bíńtín, àbíkẹ́yìn wọn, wà lábẹ́ koríko. Nígbà tí wọ́n gbé e fún ìyá rẹ̀, kò mí. Adìẹ kò sunkún. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tí kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀. Ó pẹ́ kí Bíńtín tó pọ omi jáde, tó la ojú kan.

Ní ọjọ́ kejì, Ẹfọ̀n gbé Adìẹ sẹ́yìn wá sábẹ́ igi ọdán. Pẹ́pẹ́yẹ dúró ti àwọn ọmọ adìẹ nílé. Ẹfọ̀n tún gbé àwọn àgbà ẹranko yòókù wá, wọ́n sì pe Aláǹtakùn. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òwú òun ò lẹ́bi, ibi tí wọ́n bá ní kó gbé ọ̀rọ̀ lọ ló ń gbé e lọ, ẹni tí kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun ń tẹ̀ ni kí wọ́n bá wí. Ọ̀pọ̀ ló mi orí. Wọ́n ní Àgùntàn ti dàgbà, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa kọ́ ọmọ.

"Ohùn mi ni wọ́n gbọ́," Àgùntàn wí. "Bí ẹ bá ní kí n má kọ́ ọmọ mọ́, mi ò ní bá yín jiyàn."

Adìẹ ti pinnu láti ilé pé òun á fi àgógó ṣá Àgùntàn lójú. Nígbà tó dé iwájú rẹ̀, ó rí ibi tí okùn ti bó o lẹ́sẹ̀ àti lágbọ̀n. Ó bi í pé kí ló ń ṣe lọ́wọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi yẹ̀.

"Baálẹ̀ ló kí mi. Mo kúnlẹ̀."

Ẹfọ̀n wo ilẹ̀, kò lè gbójú sókè.

Adìẹ yí sí Aláǹtakùn. "Iṣẹ́ wo ni tìrẹ, téèyàn ò gbọdọ̀ kí àgbà lórí rẹ̀, kí ọmọ má bàa kú? Ó dáa, gòkè lọ síbẹ̀. Ká ẹsẹ̀ mẹ́rin mọ́ ikùn. Fi mẹ́rin tó kù bá wa kí àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ."

Aláǹtakùn fi ẹ̀rín gòkè. Ó ká ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó ń na mẹ́rin yòókù síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ó tẹ èyí, ó fa tọ̀hún, ó sì kí wọn pé ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ pẹ́pẹ́yẹ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ń sá, àti ẹkún. Ohùn Bíńtín ló gbẹ̀yìn, ó ń gbọ̀n.

"Ìyá Olùkọ́, a ti jáde nínú omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní ká padà síbẹ̀."

Jìnnìjìnnì bo gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó lè wo ojú Adìẹ. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Aláǹtakùn.

"Mi ò mọ̀," ó wí. "Mi ò padà wá wò ó rí. Látọjọ́ tí mo ti ta á, mi ò padà wá wò ó."

Àgùntàn rìn bọ́ sẹ́bàá òwú, ó fi Bíńtín lọ́kàn balẹ̀ pé kò sẹ́ni tó máa padà sínú omi mọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ fún Aláǹtakùn pé kó jókòó ti òun.

Ó jókòó tì í. Bí Àgùntàn bá gbé pátákò lé okùn, Aláǹtakùn á fi ara rẹ̀ mọ ibi tó ti ni ín lára, á sì tún un ṣe. Ó gé okùn márùn-ún dànù. Ó mú kí mẹ́ta tó kù nípọn, ó fi àyè sáàárín wọn. Ó so koríko àbàtà mọ́ ti pẹ́pẹ́yẹ, háríhá àgbàdo mọ́ ti adìẹ, èkùrọ́ mọ́ ti ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ti tó láti tẹ̀ ẹ́. Àgùntàn lè kúnlẹ̀ kí gbogbo baálẹ̀ ayé, kó dìde, kó sì bá okùn níbi tó fi í sí.

Síbẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni àwọn ọmọ adìẹ ò fi sún mọ́ ewé. Lójoojúmọ́ ni Àgùntàn ń kí wọn láàárọ̀, tí kì í ní kí wọ́n ṣe ohunkóhun. Ní ọjọ́ karùn-ún, Bíńtín dá a lóhùn.

Nígbà tí omi fà, àwọn ọmọ padà sábẹ́ igi ọdán, ẹnikẹ́ni ò nílò okùn mọ́. Ẹfọ̀n ní kí Aláǹtakùn máa lọ síbi tó bá wù ú. Ó lọ lóòótọ́. Ó ta òwú tuntun sórí igi òròǹbó kan, ó sì kẹ̀yìn sí i bó ti máa ń ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e. Ohùn Bíńtín ló ń gbọ́. Ó padà, ó jókòó sáàárín òwú náà.

Láti ọjọ́ náà ni aláǹtakùn ti ń gbé inú ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta. Àárín gbùngbùn ló ń jókòó sí, ó na ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sórí okùn, kì í fi èyíkéyìí sínmi. Bí ẹ bá fi ìka kan ṣoṣo kan òwú náà níbi tó jìnnà jù, ẹ ó rí i pé ó ti mọ̀.