Etí Dúródèmí, Ajá Ọdẹ́jìnmí

Wò-ó-kí-o-tó-nà-án, awo ilé ọdẹ. Ẹranko-ò-lè-ròyìn-àìsàn-rẹ̀, awo ẹ̀yìn odi. Àwọn méjèèjì ló dífá fún Ọdẹ́jìnmí, ọkọ Àyọ̀ká, ní ọjọ́ tí ó ń sunkún ajá tí ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda fún Ògún.

Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀. Ọdẹ ni Ọdẹ́jìnmí ní ìlú Ìdó-Ọ̀pẹ. Ajá kan ṣoṣo ló ní, Dúródèmí lorúkọ rẹ̀. Bí ẹran bá fara gbọta tí ó sá wọ igbó dídí, Dúródèmí ni yóò tọpa rẹ̀. Bí ọ̀nà bá dàrú mọ́ ọdẹ lójú, ajá yìí ni yóò mú un délé. Àyọ̀ká a máa fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ajá ló ń pa ẹran tí òun ń sè, pé ọkọ òun kàn ń bá a rù ú wálé ni. Ọdẹ́jìnmí a rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ̀ pé irọ́ kọ́.

Nígbà tí ó yá, Dúródèmí kò jẹ́ ìpè mọ́. Wọ́n pè é nínú igbó, ó gba ibòmíràn lọ. Wọ́n pè é nílé, ó dùbúlẹ̀, ó ń gbọn orí ṣáá. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan etí rẹ̀, a ké, a sì fẹ́ gé onítọ̀hún jẹ. Òórùn burúkú kan wá ń jáde lára rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí nà án. Ó tún nà án. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i.

Àṣà kan sì wà ní Ìdó-Ọ̀pẹ. Bí ọdún Ògún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ọdẹ tí ajá rẹ̀ bá ya aláìgbọràn lè fi í jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ògún. Olúọdẹ, olórí gbogbo ọdẹ ìlú, ló ń gba ẹ̀jẹ́ náà. Lọ́jọ́ tí inú bí Ọdẹ́jìnmí, ilé Olúọdẹ ló gbà lọ. Ó ní kí Ògún máa mú Dúródèmí. Ìgbà tí ó délé, ajá wá gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, ìyẹn ni ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọdẹ́jìnmí jókòó ti ajá, ó ń sunkún. Àyọ̀ká ló ní kí ó lọ bi Ifá léèrè.

Ifá fọhùn. Àwọn awo wojú Ọdẹ́jìnmí, wọ́n ní, "Ajá rẹ kì í ṣe aláìgbọràn. Etí ló ń dùn ún. Kí lo dà sí i létí?"

Ọdẹ́jìnmí jẹ́wọ́ pé atare ni. Gbogbo ọdẹ ìlú náà ló máa ń kán omi ewé tí wọ́n gún mọ́ atare sí imú ajá, kí ó lè gbóòórùn ẹran láti ọ̀nà jíjìn. Ọdẹ́jìnmí wá ronú tirẹ̀ pé ohun tó ṣe imú lóore, yóò ṣe etí náà lóore. Nígbàkigbà tí ó bá ń lọ sí igbó, a kán omi atare náà sí Dúródèmí létí. Bí ó ti ń ta ajá tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ ń dunnú pé oògùn ń jẹ́.

Wọ́n ní ẹbọ ni kí ó rú. Kí ó fi àkùkọ, èsun iṣu àti ẹmu bẹ Ògún dípò ajá. Kí ó fi epo pupa bọ Èṣù. Kí ó mú àdín wá, kí ó sì mú aṣọ àlà tí ó ń wọ̀ lọ sí ọdún wá. Ọ̀rọ̀ aṣọ yìí dùn ún wọ egungun, ṣùgbọ́n ó mú un wá. Ó ṣebí awo fẹ́ fi aṣọ òun ṣe fújà ni. Awo fà á ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n kó àkísà náà àti àdín lé e lọ́wọ́ padà.

Wọ́n ní kí ó má ṣe gbé àdín dé ìdí Èṣù, nítorí èèwọ̀ rẹ̀ ni. Ti etí ajá ni. Kí ó rọra yá a lórí iná, kí ó kọ́kọ́ kán an sí ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ kí ó má baà gbóná jù. Kí ó kán díẹ̀ sí etí ajá, kí ó fọwọ́ pa ìdí etí náà jẹ́jẹ́, kí ó sì jẹ́ kí ajá gbọn orí rẹ̀. Ìdọ̀tí tí ó bá jáde síta ni kí ó fi àkísà àlà nù. Bí ajá bá ti inú odò jáde, kí ó nu etí rẹ̀ gbẹ. Kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò fún eégbọn. Ó bi wọ́n bóyá kí òun fi ìyẹ́ adìyẹ ro inú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n kọ̀.

Wọ́n ní, "Ibi tí ojú rẹ kò bá dé, kí ọwọ́ rẹ má ṣe dé ibẹ̀."

Ọdẹ́jìnmí kò jiyàn. Ó bọ Èṣù, ó sì tọ́jú ẹbọ Ògún sílẹ̀ de ọjọ́ ọdún. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ajá rí i pẹ̀lú ìgò àdín, ó sá. Ta ni kò ní sá? Àyọ̀ká gbé e lé itan, ó ń kì í ní oríkì títí ara rẹ̀ fi rọ̀. Ìdọ̀tí dúdú jáde, eégbọn jáde. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, òórùn náà lọ, ajá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sùn fọnfọn.

Ó wá ku Olúọdẹ. Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó rojọ́, ó gbé àkùkọ kalẹ̀. Ojú Olúọdẹ kò dán. Ó ní, "Lójú agbo ni wàá ti pè é, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bó bá jẹ́ ọ, máa mú un lọ. Bí kò bá jẹ́ ọ, Ògún ló ni ín."

Ọjọ́ ọdún pé. Àwọn ọdẹ kún ojúbọ, ìbọn ń dún. Wọ́n ní kí Dúródèmí dùbúlẹ̀ sídìí màrìwò, kí ó kọ ẹ̀yìn sí agbo. Ọdẹ́jìnmí dúró lẹ́yìn gbogbo ènìyàn. Ẹ̀rù bà á dé ìdí ọkàn. Ó lanu, ohùn kékeré ló jáde. "Dúródèmí." Ẹni tí ó dúró tì í pàápàá kò gbọ́ ọ dáadáa.

Etí ajá nà. Ó dìde, ó yí padà, ó gba àárín ẹsẹ̀ àwọn ọdẹ kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó pè é. Ọwọ́ tó ń kán atare sí i létí, òun náà ni ajá bẹ̀rẹ̀ sí í lá. Ọdẹ́jìnmí sunkún níbẹ̀ lójú àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì tì í lójú. Olúọdẹ gbé ọ̀bẹ sọ́rùn àkùkọ, ó ní Ògún ti gbà.

Ọdẹ́jìnmí gbé itan ẹtu lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn awo. Wọ́n ní kí ó má dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn, kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ifá. Ifá ní Olódùmarè ni kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ni ó padà sílé, ó jókòó ti ajá rẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì.

Ẹbọ ló gba ajá lọ́wọ́ ọ̀bẹ, ìmọ̀ràn tí a gbọ́ ló gba ọdẹ lọ́wọ́ àbámọ̀. Ifá ní ẹni tí a pè tí kò dáhùn, kí á má tètè mú pàṣán. Kí á kọ́kọ́ wo etí rẹ̀, bóyá ọwọ́ wa ló dí i.