Àjàpá Akọ̀wé àti Ẹsẹ̀ Òkété

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi ò rìn jìnnà. Ẹnu kànga ló dúró sí, ó sì bá Àjàpá níbẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko ń gbẹ́ kànga ìlú. Ìgbìmọ̀ ìlú ṣòfin pé ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, akọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé kọ̀ọ̀kan yóò sì máa gbé iṣu wá fún un títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Ta wá ni akọ̀wé? Àjàpá ni! Wọ́n mú ológbò, wọ́n ní kó wá ṣọ́ ẹja.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí àwọn yòókù ti lọ jẹun, tó ku Òkété àti Àjàpá nìkan, òkúta já lu Òkété. Ẹsẹ̀ kán.

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ mi o. Ọmọ mẹ́fà ló ń wo ọwọ́ mi."

"Pẹ̀lẹ́, Òkété. Mo ti kọ ọ́."

Irọ́! Orúkọ ara rẹ̀ ló kọ, pé ẹsẹ̀ òun ló kán. Ó fi àkísà wé ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sọ fún ìlú pé ọ̀lẹ ni Òkété, pé ó sá fún iṣẹ́ ni.

Iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé Àjàpá. Iyán láàárọ̀, iyán lálẹ́. Nílé Òkété, omi lásán làwọn ọmọ ń mu sùn. Ó dùn mí o, ẹ̀yin ọmọ. Ìyàwó Òkété bá sunkún lọ bá Alágẹmọ, lọ́yà ìlú, ẹni tí ojú rẹ̀ kan ń wo iwájú, tí èkejì ń wo ẹ̀yìn.

Alágẹmọ wo ẹsẹ̀ Òkété, ó ṣí ìwé ìlú wò. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kó àwọn ará ìlú sẹ́yìn, pẹ̀lú Ọ̀bọ tó ń to eegun, ó di ilé Àjàpá.

"Akọ̀wé wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Òfin ò parí síbi iṣu. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé, wọ́n gbọ́dọ̀ fa ẹsẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n fi oparun dì í fún oṣù mẹ́ta."

"Háà! Ó ti ń san!"

"Ìwé ní ó kán."

Ọ̀bọ di ẹsẹ̀ mú, ó fà á. Fàààà!

"Yéè! Ẹsẹ̀ mi ò kán o!"

"Ẹsẹ̀ ta ló wá kán?"

"Ti Òkété ni! Ti Òkété ni!"

Ìlú rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ Àjàpá, wọ́n kó iṣu lọ fún Òkété, Ọ̀bọ sì to ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Àjàpá ló gbẹ́ kànga dípò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá sún mọ́ Àjàpá, kíá ni yóò fa ẹsẹ̀ wọ inú igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Ó rò pé Ọ̀bọ ló dé.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tí ìlú bá fi ìwé lé lọ́wọ́, kó má ṣe sọ ìrora ẹlòmíràn di oúnjẹ. Bí mo bá purọ́, kí Ọ̀bọ wá fa ẹsẹ̀ tèmi náà!