Igi Ọ̀pọ̀tọ́ Ẹ̀yìn Ilé Donátò

"A kì í yọ àáké sí igi tí a kò tí ì ha èèpo rẹ̀ wò." Bí o bá jókòó ti àwa Yorùbá tó ń gbé Niu Jẹ́sì ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, kò ní í pẹ́ tí wàá fi gbọ́ òwe yìí, pàápàá bí ìjà tọkọtaya bá délé àgbà. Ǹjẹ́ o mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Ọ̀pọ̀ ń pa á bí ẹni pé Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti gbé e wá. Irọ́ ni. Ẹ̀yìn ilé ará Ítálì kan ló ti ṣẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó fẹ́ ọmọ wọn ló sì kù díẹ̀ kó kàgbákò níbẹ̀.

Donátò Rúgólò ni orúkọ ará Ítálì náà. Nígbà tí òun àti Àsúntà ìyàwó rẹ̀ sọdá òkun láti abúlé wọn, ẹ̀ka igi ọ̀pọ̀tọ́ kan tí wọ́n fi aṣọ tútù wé wà nínú ẹrù wọn; ẹ̀yìn ilé wọn tuntun ni wọ́n gbìn ín sí. Koríko iwájú ilé olówó ló kọ́kọ́ ń gé jẹun. Díẹ̀díẹ̀, ó dẹni tó ń to òkúta, tó ń gbin òdòdó, tó ń tún odindi ọgbà ṣe. Bó bá sì parí ọgbà ẹnikẹ́ni, yóò gbin ọmọ igi ọ̀pọ̀tọ́ rẹ̀ kan sí igun ibẹ̀. Bí ará ìlú ṣe sọ ilé-iṣẹ́ wọn ní "Àwọn Ọlọ́pọ̀tọ́" nìyẹn.

Ṣùgbọ́n òtútù ibẹ̀ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ọ̀pọ̀tọ́ kò sì lè fara dà á. Ohun tí àwọn ará Ítálì ń ṣe ni pé, kí yìnyín tó dé, wọ́n á di ẹ̀ka igi náà pọ̀, wọ́n á gé gbòǹgbò rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á rọra tẹ̀ ẹ́ dùbúlẹ̀ sínú kòtò, wọ́n á sì fi ewé gbígbẹ àti iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Àní wọ́n ń sin igi bí ẹni ń sin òkú! Bí ooru bá padà, wọ́n á hú u, wọ́n á gbé e dìde.

Nígbà tó yá, Donátò kú. Ròsáríà, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló jogún iṣẹ́. Ilésànmí ọkọ Ròsáríà, ọmọ olóko kòkó láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ló jogún igi sísin. Ó sin ín bó ṣe rí i tí àna rẹ̀ ń ṣe é, ìgbà òtútù kọjá, ó sì gbé e dìde. Gbogbo igi àdúgbò rúwé. Igi Donátò nìkan ló dúró bí igi ìdáná, tí kò ní ewé kan lórí.

Ọkàn Ròsáríà bàjẹ́. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù ń bà á pé òun kò lè ṣe é bíi baba òun, oníṣòwò kan sì ti ń wá ra ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bí igi Bàbá bá kú mọ́ wa lọ́wọ́," ló wí fún ọkọ rẹ̀, "iṣẹ́ Bàbá náà ti kú nìyẹn. Bí ọkùnrin yẹn bá dé lọ́la, màá tà á fún un."

Ojú ti Ilésànmí. Òun ló sin igi, lójú ara rẹ̀, òun ló pa á. Ẹ sì mọ ọmọ olóko kòkó: bí àrùn bá mú igi kan, gígé ni wọ́n ń gé e lulẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó má baà ran àwọn yòókù. Pẹ̀lúpẹ̀lù, kò fẹ́ kí ìyá ìyàwó rẹ̀ máa wo òkú igi ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó gbé àáké, ó bọ́ sẹ́yìn ilé. Ó ti gbé e sókè tán kó tó gbọ́ igbe.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" Àsúntà, ìyá ìyàwó rẹ̀ nìyẹn, tòun ti sálúbàtà lẹ́sẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé. Igi ti kú. Ẹ dárí jì mí."

"Ta ló sọ fún ọ? Ṣé o ha èèpo rẹ̀ wò?"

Ìyá fi èékánná ha èèpo igi náà nísàlẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ tutù bí ewé ẹ̀fọ́, oje funfun sì ń sun jáde. Ìyá bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀lẹ ni igi yìí, kì í tètè jí. Lọ́dún àkọ́kọ́ tá a gbé e dìde, àna rẹ náà gbé àáké sí i. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò jẹ́ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni yín!"

Ara tu Ilésànmí débi pé ó ju àáké nù, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ìrì láti dúpẹ́. Ìyá rò pé ó dákú ni, ló bá figbe ta. Igbe yẹn ló lé Ròsáríà jáde, tòun ti aṣọ àtàtà tó fẹ́ fi pàdé oníṣòwò. Wọ́n fi ojú èèpo hàn án, ìyá sì sọ ọ̀rọ̀ àáké baba rẹ̀ fún un. Ó fọwọ́ kàn án, ó wòye pé baba òun pàápàá ti sọ̀rètí nù rí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí oníṣòwò dé, ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé rẹ̀: "Ẹ má bínú, a ò tà mọ́."

Ilésànmí ló gbé ọ̀rọ̀ ìyá náà dé ìpàdé wa, àwọn àgbà sì sọ ọ́ di òwe. Bí òbí bá fẹ́ kọ ọmọ sílẹ̀ nítorí pé kò tètè yege, bí ọkọ bá fẹ́ lé aya, tàbí tí ẹnìkan bá fẹ́ jáwọ́ nínú iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, tí kò sì tí ì yẹ abẹ́ ọ̀rọ̀ wò, ìgbà náà ni wọ́n ń pa á fún un: a kì í yọ àáké sí igi tí a kò tí ì ha èèpo rẹ̀ wò.