Ẹyẹ Aláwọ̀ Ewé Tí Àwẹ̀ró Rí Lóko Ẹ̀pà

Àwọn àgbà máa ń sọ pé, "Kí o tó sọ ẹyẹ lórúkọ, fún un ní ẹ̀pà." Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á béèrè pé, kí ló kan ẹ̀pà kan orúkọ? Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú Ìgbóòyà ló bí ọ̀rọ̀ náà.

Opó kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Lọ́jọ́ kan, ó rí ẹyẹ kan tó ṣẹ́ lápá nínú oko ẹ̀pà rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹyẹ náà tutù bí ewé, ikùn rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, orí rẹ̀ sì rí bí eérú. Àwẹ̀ró gbé e lọ sílé, ó di apá rẹ̀, ó ń bọ́ ọ. Kò pẹ́ tí ẹyẹ fi ń súfèé dá a lóhùn. Ilé tó ti pa rọ́rọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú tún gbóhùn.

Àmọ́ òfin ìlú ni pé ẹyẹ tí a bá mú lóko, ìkòkò olórí ọdẹ ló ń lọ. Ìran odídẹrẹ́ nìkan ni wọn kì í pa, èèwọ̀ ni. Nígbà tí Ògúnṣakin, olórí ọdẹ, gbọ́, ó pe Àwẹ̀ró lọ síwájú Baálẹ̀. Àwẹ̀ró ní ìran odídẹrẹ́ ni ẹyẹ òun.

"Baálẹ̀, oríri lásán nìyí, ẹyẹlé inú igbó," ni Ògúnṣakin wí. "Ta ni ò mọ odídẹrẹ́? Ara rẹ̀ á rí bí eérú, ìrù rẹ̀ á pọ́n. Èyí tutù bí ilá! Ẹyẹ wo ló wà nígbó yìí tí n kò mọ bàbá tó bí i? Ìyàwó mi ti ń lọ ata."

"Ẹ wo ẹnu rẹ̀ tó tẹ̀, Bàbá," ni Àwẹ̀ró wí fún Baálẹ̀.

"Ẹnu àṣá náà tẹ̀. Ṣé odídẹrẹ́ ni àṣá?" ni Ògúnṣakin dáhùn.

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ojú Àwẹ̀ró bá lọ sára odídẹrẹ́ Baálẹ̀ tó bà sórí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó rántí bí ẹyẹ tirẹ̀ ṣe ń jẹun nílé. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fún ẹyẹ mi àti odídẹrẹ́ yín ní ẹ̀pà tí a ò tíì bó. Kí olórí ọdẹ náà mú oríri kan wá."

Ọ̀kan wà láàyè nínú àpò Ògúnṣakin, ó sì fi ìyangàn gbé e sílẹ̀. Oríri fi ẹnu yí ẹ̀pà nílẹ̀ títí, kò rí i fọ́. Odídẹrẹ́ Baálẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan, ó fi di ẹ̀pà mú bí ọmọdé ṣe ń di àkàrà mú, ó gbé e sẹ́nu, ó fọ́ ọ. Ó wá ku ẹyẹ Àwẹ̀ró. Ó wo ẹ̀pà, ó wo Ògúnṣakin. Kò ṣe nǹkan kan. Ìgbà tó yá, ẹyẹ gbé ẹsẹ̀, ó di ẹ̀pà mú, ó fọ́ ọ, èèpo rẹ̀ sì fò lọ bà lé fìlà olórí ọdẹ.

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ògúnṣakin, ṣé o ti wá mọ bàbá tó bí i báyìí?"

"Baálẹ̀, aṣọ rẹ̀ ló tàn mí."

Àwẹ̀ró gbé ẹyẹ rẹ̀ lé èjìká, ó ń súfèé lọ sílé.

Aṣọ ni ojú ń rí, ìṣe la fi ń mọ ìran. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fẹ́ fi ìrísí ṣèdájọ́ ọmọnìkejì rẹ̀, wọn á ní kó dúró ná: kí o tó sọ ẹyẹ lórúkọ, fún un ní ẹ̀pà.