Ikú Oyèwùsì Adẹ́mu ní Abà Ààlà

Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni wọ́n tẹ Abà Ààlà dó, níbi tí ilẹ̀ ìlú méjì ti pàdé. Baálẹ̀ Jáyéọlá tó ń ṣàkóso ibẹ̀ ti jagun fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ohun tó kù tó ń wá láyé kò ju kí orúnkún rẹ̀ má dùn ún, kí àwọn èèyàn sì jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́. Wọn kò jẹ́ kó jókòó. Adẹ́mu méjì ló wà lábà náà, Oyèwùsì ọmọ ìlú ìhín àti Adégún ọmọ ìlú ọ̀hún, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń gbé ẹjọ́ ọ̀pẹ wá bá a.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọdẹ gbé òkú Oyèwùsì wọlé, orí rẹ̀ là. Ìdí ọ̀pẹ ni wọ́n ti bá a. Kí wọ́n tó sin ín tán, gbogbo abà ti mọ ẹni tó pa á. Wọ́n mú Adégún, wọ́n dè é mọ́ igi odán iwájú ilé Baálẹ̀. Ó ń pariwo pé oko òun lòun wà. Lọ́jọ́ karùn-ún, wọn yóò fà á lé ẹbí òkú lọ́wọ́, àwọn yẹn sì ti ń pọ́n àdá.

Ìtàn ikú náà ló wá sú Baálẹ̀ dé góńgó. Lọ́jọ́ kìíní, àdá ni Adégún fi pa á. Lọ́jọ́ kejì, ó ti di àáké. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, Adégún ti ba sínú igbó fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kó tó ṣọṣẹ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń ṣe é. Lọ́jọ́ kẹrin, Baálẹ̀ ránṣẹ́ pe Abọ́sẹ̀dé aláró, ẹni tí ìtàn náà dùn lẹ́nu rẹ̀ jù.

"Abọ́sẹ̀dé, ṣé ojú rẹ ló rí i?"

"Ojú mi kọ́, Bàbá. Àkànkẹ́ ìyàwó ọdẹ ló sọ fún mi."

Àkànkẹ́ ní ẹnu Odéjídé alágbẹ̀dẹ lòun ti gbọ́. Odéjídé dé, ó ń họ orí.

"Baálẹ̀, ẹ má bínú sí mi o. Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ."

"Ẹnu tèmi?"

"Nígbà tí wọ́n gbé ẹjọ́ ọ̀pẹ wá kẹ́yìn, ẹ ní Adégún ni yóò pa Oyèwùsì lọ́jọ́ kan, ẹ óò sì sinmi. Ohun tí mo sọ fún wọn nìyẹn lọ́jọ́ tí òkú dé."

Ojú ti Baálẹ̀, inú sì bí i, kò mọ èyí tó ju èkejì lọ. Ó béèrè ẹni tó ti lọ wo ibẹ̀ nínú wọn. Kò tíì sẹ́ni tó lọ, nítorí èèwọ̀ abà ni: ibi tí ẹ̀jẹ̀ èèyàn bá ta sí, ẹsẹ̀ kì í dé ibẹ̀ mọ́ títí wọn yóò fi ṣètùtù lọ́jọ́ keje. Àwọn ọdẹ tó gbé òkú pàápàá, ìkánjú ni wọ́n fi gbé e.

"Ẹ fẹ́ pa èèyàn lọ́jọ́ karùn-ún, kí ẹ tó lọ wo ibẹ̀ lọ́jọ́ keje," ni Baálẹ̀ wí. "Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi tẹ ẹ̀jẹ̀ lójú ogun. Èwo ló kù tí mo fẹ́ máa bẹ̀rù? Ẹ gbé ọ̀pá mi wá."

Ó tiro débẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ lé e lókèèrè. Àpáta kan wà nídìí ọ̀pẹ náà, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ lé e lórí. Baálẹ̀ gbójú sókè. Apá kan igbà tí Oyèwùsì fi ń gun ọ̀pẹ ṣì há sára igi, apá kejì wà nínú koríko. Ó bẹ̀rẹ̀ mú un. Ojú àdá kò kàn án. Ó ti gbó ni, ó sì já. Lókè lọ́hùn-ún, akèrègbè tó fẹ́ lọ sọ̀ kalẹ̀ ṣì so, ẹmu ti kún inú rẹ̀, ó ń ṣàn sílẹ̀.

"Ẹ súnmọ́ ibí," ni Baálẹ̀ wí. "Ẹni tó bá rí àáké, kó fi hàn mí."

Nígbà tí wọ́n padà délé, òun fúnra rẹ̀ ló tú Adégún sílẹ̀. Adégún ń fọwọ́ pa ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ ṣé, Bàbá," ó ní. "Ká ní orúnkún yín ń dùn yín jù lónìí ńkọ́?"

Abọ́sẹ̀dé ṣì ń ròyìn àáké fún àlejò títí ó fi darúgbó, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹjọ́ wá, ọ̀pá ni Baálẹ̀ kọ́kọ́ ń béèrè. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti mú un, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: ìròyìn ò tó àfojúbà.