Swíìṣì Tí Kò Ní Wáyà Tirẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí ó fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ṣe alábẹ̀wò ilé-ìwé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa yọ sí àwọn olùkọ́ láìròtẹ́lẹ̀, kí ó wo ẹni tí ó pẹ́ dé àti ẹni tí ó ń sùn lórí tábìlì. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Nígbà tí ìjọba ní kí ó lọ sinmi, iṣẹ́ parí, ṣùgbọ́n ojú tí ó fi ń ṣe é kò sinmi. Àwọn àgbà ní ìfura ni oògùn àgbà. Ọkùnrin yìí a máa lo oògùn náà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, a sì tún máa lá ìdí ìgò.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà lókè òkun. Ẹni tí ń bá a gbélé ni aya àbúrò rẹ̀, tí ó ti di opó. Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin náà ti ń se oúnjẹ fún un, tí ń fọ aṣọ rẹ̀, tí ń gbálẹ̀ ilé.

Ní ọdún kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin fi swíìṣì márùn-ún ránṣẹ́ sí i. Wọn kì í ṣe swíìṣì lásán. Bí wọ́n bá ti dè wọ́n mọ́ ògiri, fóònù ni èèyàn yóò máa fi tan iná, fóònù ni yóò sì máa fi pa á, fóònù náà yóò sì máa sọ èyí tí ó wà ní títàn àti èyí tí ó wà ní pípa. Ohun tí ọmọ rò ni pé kí bàbá òun má máa dìde jókòó nítorí iná. Ohun tí bàbá rò ni pé òun ti rí ẹni tí yóò máa bá òun ṣọ́ ilé.

Oníṣẹ́ iná dé, ó tú ògiri wò. Ilé náà ti pẹ́. Bí wọ́n ti ń ṣe é láyé ìgbà náà, wáyà kan ni ó ń gbé iná wọ inú swíìṣì, èkejì a sì gbé e gòkè lọ sí ìdí gílóòbù. Wáyà kẹta, èyí tí iná ń gbà padà, òkè àjà ni ó ń gbé, kì í sọ̀ kalẹ̀ dé ara ògiri. Oníṣẹ́ iná ṣàlàyé pé swíìṣì tuntun yìí lè fi wáyà méjì gbìyànjú, ṣùgbọ́n wáyà kẹta ni ó máa ń fi gbádùn. Ó ní bí bàbá kò bá fẹ́ kí òun la ògiri, kí wọ́n jẹ́ kí òun so nǹkan kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ gílóòbù kọ̀ọ̀kan lókè, kí iná má bàa máa ṣe ségesège.

Alábẹ̀wò wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní swíìṣì àtijọ́ fi wáyà méjì ṣiṣẹ́ fún ogójì ọdún, kò béèrè ẹ̀kẹta rí. Ó ní òun mọ ìwà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ kékeré ni wọ́n máa ń sọ di ńlá. Oníṣẹ́ iná kò bá a jiyàn. Ó dè wọ́n bí wọ́n ṣe ní kí ó dè wọ́n, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Yàrá kan wà lẹ́bàá ilé ìdáná tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí. Kò ní fèrèsé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, alábẹ̀wò ń kọjá níwájú rẹ̀, ó sì rí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó wo fóònù. Fóònù ní iná yàrá náà wà ní pípa. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó rí i tí gílóòbù ń tàn bàìbàì, tí ó sì ń ṣẹ́jú. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Obìnrin náà wà lẹ́yìn ilé, ó ń sá aṣọ.

Ẹlòmíràn ì bá ní àléébù wà lára swíìṣì. Alábẹ̀wò ní obìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀ ni. Ó ní ó ti rí ọgbọ́n kan tí ó fi ń tan iná láìjẹ́ kí fóònù mọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ó lọ ṣọ́ọ̀kì kúnná, ó bù ú sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Nígbà tí yóò fi padà dé, ẹsẹ̀ obìnrin náà ti hàn níbẹ̀, ó sì mi orí bí ẹni tí ó mú olè. Ta ni ì bá tẹ̀ ẹ́ bí kì í bá ṣe ẹni tí ń se oúnjẹ? Kò bi ara rẹ̀ léèrè. Ó tún mú ìwé kan, ó ń kọ ọjọ́ sílẹ̀. Ó rí i pé ọjọ́ tí wọ́n bá mú iná wá ni ìmọ́lẹ̀ náà máa ń yọ, ọjọ́ tí wọ́n bá mú iná lọ, yàrá a dákẹ́. Ìyẹn gan-an ni ó wá dá a lójú jù. Ó ní ẹ kò rí i, kò lè jí nǹkan nínú òkùnkùn.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ó pe obìnrin náà sí pálọ̀, ó ṣí ìwé, ó ka ọjọ́ wọ̀nyẹn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí ó sọ ohun tí ó ń wá nínú yàrá, kí ó sì sọ ọ̀nà tí ó ń gbà tan iná.

Obìnrin náà wo ilẹ̀. "Ọkọ mi," ni ó wí, "mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tan iná yẹn. Mi ò fọwọ́ kàn án rí."

Etí alábẹ̀wò ṣí. Ó kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ iná ni obìnrin náà dáhùn, kò dáhùn ọ̀rọ̀ yàrá. Ó pa ìwé dé, ó sì ní kí ó di ẹrù rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ìtìjú ńlá ni kí obìnrin di ẹrù padà sí ilé bàbá rẹ̀ nígbà tí orí rẹ̀ ti funfun. Àwọn tí ó fi sílẹ̀ níbẹ̀ ti kú, àwọn tí ó bá níbẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà lọ, kò ṣépè, kò sì sunkún lójú ẹnikẹ́ni.

Alábẹ̀wò ti yàrá náà pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí àpò. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n mú iná wá. Ó lọ wò ó, ìmọ́lẹ̀ ti wà lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ojú tì í, kò sì sí ẹni tí ó rí i nínú ilé.

Ó ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ iná. Ọkùnrin náà wò ó, kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, swíìṣì yìí kì í sùn," ni ó wí. "Ó gbọ́dọ̀ wà lójúfò kó lè gbọ́ nígbà tí fóònù bá pè é. Ohun tó bá sì ń ṣọ́nà, ó gbọ́dọ̀ jẹun. Ẹ ò fún un ní wáyà tí yóò ti máa jẹ, ló bá ń gba ara gílóòbù fá a jẹ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń fá ló ń tàn lójú yín."

Ní ọjọ́ kejì, alábẹ̀wò wọ ọkọ̀ lọ sí ilé bàbá obìnrin náà. Ó ṣí fìlà, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí ó tó jókòó. Ó ní iná ni, kì í ṣe obìnrin náà, òun ti fi ìfura ba ilé òun jẹ́.

"Ẹ má tíì bẹ̀ mí, ọkọ mi," ni obìnrin náà wí. "Ọwọ́ mi ò mọ́ tó bí ẹ ṣe ń rò ó yẹn. Mo máa ń bu ẹ̀wà. Ìgbà mìíràn, mo máa ń mú ẹja gbígbẹ. Ọmọ mi bímọ, mi ò ní ohun tí mo lè dì lọ́wọ́ lọ kí i. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò nílé yín, kò sí ohun kan níbẹ̀ tí mo lè nawọ́ sí pé tèmi rèé."

Inú alábẹ̀wò kọ́kọ́ fẹ́ dùn. Ojú òun kò tan òun jẹ! Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tí ó kù wọ̀ ọ́ lára. Ó gbìyànjú láti rántí ohun kan tí òun ti fi lé obìnrin náà lọ́wọ́ rí, kò rí i rántí. Ó jókòó, ó bi í léèrè ohun tí yóò mú un padà.

Obìnrin náà ní kí ó fún òun ní ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé, kí òun gbin ata àti tẹ̀tẹ̀ sí i. Ohun tí òun bá kórè níbẹ̀, tòun ni. "Ẹ ò sì gbọdọ̀ wá bẹ̀ ẹ́ wò," ni ó fi parí rẹ̀.

Ilẹ̀ kò ni alábẹ̀wò lára. Àìbẹ̀wò ni ó ni ín lára. Ó yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́ títí, kí ó tó ní òun gbà.

Ìwọ tí o wá bá mi láàárọ̀ yìí, tí o ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé ìtajà lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ tí ń bá ọ tajà, ìwọ ni mò ń bá wí. N kò sọ pé olè jíjà dára. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ ni a ti ń jẹ, ẹni tí a kò bá sì bu tirẹ̀ fún yóò bù ú fúnra rẹ̀. Olè méjì ni ó gbé inú ilé alábẹ̀wò yẹn. Ọ̀kan mú ife ẹ̀wà, èkejì mú ọdún mọ́kànlá. Kí o tó lọ pe ọlọ́pàá, kọ́kọ́ mọ èyí tí ìwọ jẹ́ nínú wọn.