Sípíkà Méje Múfútáù

Ní ibùdókọ̀ Ìsàlẹ̀-Ọjà ní ìlú Ìsẹ́yìn, awakọ̀ méjì kan wà tí ọkọ̀ wọn jọra bí ìbejì. Múfútáù ni ọ̀kan, Ọlátẹ́jú ni èkejì. Ọ̀nà Òkèhò ni àwọn méjèèjì ń ná, inú abọ́ kan náà ni wọ́n sì ti ń jẹ ìrẹsì lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n Múfútáù ló níyì jù níbẹ̀. Òun ni àwọn ìyá tó ń lọ ra èlùbọ́ máa ń háyà lọ́jọ́ ọjà, owó ọjọ́ ọjà yìí ló sì fi ń bọ́ aya àti ọmọ.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ Ọlátẹ́jú bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Kì í ṣe pé kò ní rédíò tẹ́lẹ̀ o, àmọ́ ohùn rẹ̀ àtijọ́ dà bí ohùn ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Àfi bí ohùn ọ̀hún ṣe yí padà, tó rinlẹ̀, tó sì mọ́ gaara. Ìyá Ṣẹ̀gi, olórí àwọn ẹlẹ́lùbọ́, wọ ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́ wàásù dé Òkèhò, ó ní ara tu òun. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ Ọlátẹ́jú ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ kó àpò òfìfo wọn jókòó sí.

"Ìyá wa, ilẹ̀kùn mi ti wà ní ṣíṣí o," Múfútáù wí.

"A rí ọ, ọkọ mi," ìyá náà dáhùn. "Olórin là ń dúró dè."

Háà! Owú jẹ Múfútáù dé mùdùnmúdùn. Bí Ọlátẹ́jú bá rẹ́rìn-ín, ó ní òun ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá kí i, ó ní ìkíni náà ti gùn jù. Kódà ìrẹsì àjọjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́, ó lọ ń ra tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má dá a lẹ́bi tán. Ẹni tó bá ti rí oníbàárà rẹ̀ nínú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí mọ bó ṣe ń ta ni lára.

Ọlátẹ́jú kò tilẹ̀ fura. "Múfú, wá wo nǹkan tí mo ṣe," ó pè é lọ́jọ́ kan. "Kò wọ́n, díẹ̀díẹ̀ ni mò ń ṣe é."

"Ta ló bi ọ́?" Múfútáù dá a lóhùn. "Èmi náà lójú."

Ó sì lo ojú ọ̀hún. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ra omi, ó yọ́ dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ó ń yọjú lójú fèrèsé bí olè. Sípíkà méjì wà lára ilẹ̀kùn iwájú, méjì lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, méjì lórí pátákó ẹ̀yìn. Mẹ́fà! Ara rẹ̀ balẹ̀. Ohun tó kù kò ju kí tòun ju mẹ́fà lọ.

Owó táyà nìkan ló wà nílé, Sìdíkátù ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a tọ́jú rẹ̀.

"Bàbá Ráfíù, táyà ẹ̀yìn yẹn ti dán bí orí apárí," obìnrin náà bẹ̀ ẹ́.

"Bí àwọn ẹlẹ́lùbọ́ bá padà sọ́dọ̀ mi, owó wọn á ra táyà," ló wí, ó sì gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ra sípíkà tòkunbọ̀ méje, àwọn gbàǹgbà tí iná aláwọ̀ mèremère yí etí wọn ká. Kò jẹ́ gbé wọn dé ọ̀dọ̀ rewáyà, nítorí ọ̀kan ṣoṣo tó wà nítòsí ló ṣe ti Ọlátẹ́jú. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó, tó so gbogbo wáyà wọn mọ́ rédíò tó bá ọkọ̀ wá.

Lọ́jọ́ ọjà, ó pariwo pé, "Ìyá wa, ẹ wá gbọ́ tèmi!" Àwọn ìyá náà rọ́ wọlé, torí etí ò kọ ohun tuntun. Ó tan rédíò. Ohùn tó jáde kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Ó yí i sókè, ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń ró wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀. Ojú tì í, ló bá yí i dé òpin. Òórùn rọ́bà tó ń jó gba gbogbo inú ọkọ̀, èéfín sì rú jáde níwájú.

"Iná o! Ẹ gbà wá o!" Àwọn ìyá bẹ́ sílẹ̀, bàtà ń fò.

Ọlátẹ́jú ló sáré dé, tó ṣí iwájú ọkọ̀, tó sì fa wáyà bátìrì já. Ọkọ̀ kò jóná, ṣùgbọ́n kò lè ta pútú mọ́. Ìyá Ṣẹ̀gi kó àpò rẹ̀, ó forí lé ọkọ̀ kejì, àwọn tó kù sì tẹ̀ lé e.

Ọlátẹ́jú wá fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ dé ìdí ọkọ̀ tirẹ̀. Ó gbé ìjókòó sókè, àńpù kékeré kan tó ń fún ohùn lágbára wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú wáyà tó nípọn tó ti ìdí bátìrì wá. Ó tú awọ ilẹ̀kùn, fóòmù bẹ́ẹ̀dì àlòkù ló kì kún inú rẹ̀ kó má baà máa gbọ̀n.

"Sípíkà iwájú méjì yìí nìkan ló ń sọ̀rọ̀," ó wí jẹ́jẹ́. "Mẹ́rin tó kù ti kú kí n tó ra ọkọ̀. N ò tíì rówó pààrọ̀ wọn."

Múfútáù wo sípíkà méjì náà títí. Mi ò ní tàn yín pé owú náà tán nínú rẹ̀. Ìtìjú ló wá bá a níbẹ̀, owú àti ìtìjú sì jọ ń gbé inú rẹ̀. Ọlátẹ́jú kó àwọn ẹlẹ́lùbọ́ lọ tòun torin, Múfútáù sì ń ti ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé lórí táyà tó dán.

Àwọn kan á ní òwe tí mo fẹ́ pa yìí ti dàgbà ju mọ́tò lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ní ibùdókọ̀ tiwa, ìdí nìyí tí àwọn àgbà awakọ̀ fi ń pa á lówe pé, ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ.